Kókó Tí Zipporah Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Wò

Nígbà tí Adépéjú gboyè físíìsì ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, kò ríṣẹ́. Ìyìn ni ó rí. Ní ọjọ́ ìsìn àwọn ọ̀dọ́, ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wọn ní Atikori, ó ní àwọn onímọ̀ sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tíńtìntín tó wà nínú ohun gbogbo, kò ní ibùdó kan pàtó títí a ó fi wò ó.

Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Nílé àdúrà tiwọn, ìran búburú tí aríran kò tíì sọ síta ṣì ṣeé yí padà. Wòlíì Japheth fò sókè: "Sáyẹ́ǹsì náà ti gbà!"

Adépéjú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀, pé àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ó jókòó. Ìdajì òtítọ́ ni ó tà, odidi ìyìn ni ó gbà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó bá ìyá rẹ̀, Zipporah, níbi tó ti ń wọ sùtánà. Kókó ńlá kan wà lọ́mú rẹ̀.

"Màámi! Ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó lè di jẹjẹrẹ? Ṣebí ìwọ lo kọ́ wa. Níwọ̀n ìgbà tẹ́nìkan ò tíì wò ó, Ọlọ́run ṣì lè sọ ọ́ di ohun tó wù ú."

"Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni mo sọ. Mi ò sọ ọmú."

"Kí ni wọ́n wá fi ṣe ọmú? Amọ̀?"

Ìbéèrè gidi ni.

"Màámi, wíwò yẹn kì í ṣe ojú èèyàn. Bí atẹ́gùn bá kàn án, bí ooru bá kàn án, wọ́n ti wò ó náà nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ yín ń ṣàn yí kókó yẹn ká. Ara yín ti wò ó tipẹ́. Àwa nìkan la ò tíì mọ̀."

Zipporah fa aṣọ bo àyà. "Kí ló dé tó ò sọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Wọ́n ń pàtẹ́wọ́."

Ìyá kò bú u. Ó bọ́ sùtánà, ó wá ìró.

Ní ọsibítù, dókítà tẹ kókó náà, ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ṣáájú ìsìn àwọn ọ̀dọ́. Mo ti múra àtiwá nígbà náà."

"Kí ló wá dá yín dúró?"

Zipporah kọjú sí ògiri. Adépéjú ni ó dáhùn.

"Èmi ni."