Díìsì Wáàsí Bàbá Mi

Mo rántí ariwo tí dírafù tí mo fi ń ka díìsì ń pa: kẹ́-kẹ́-kẹ́, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi á wá kọ ọ́ síta pé kí n fi díìsì sí i. Díìsì tó ti wà nínú rẹ̀! Mo yọ ọ́, mo fi etí aṣọ nù ún, mo dá a padà, ó tún ní kí n fi díìsì sí i. Ọ̀la ni àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá mi, díìsì yìí nìkan ṣoṣo ló sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láyé.

Áàfáà ni bàbá mi, inú agboolé wa ni ilé-kéwú rẹ̀ wà. Kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò, ká má tíì sọ fídíò. Ọjọ́ wòlímọ̀ àbúrò mi obìnrin nìkan ni oníkámẹ́rà kan rọ́nà gba wáàsí rẹ̀ sílẹ̀, nítorí bàbá ti wọnú ọ̀rọ̀ kó tó fura. Láti ọjọ́ náà, inú àpótí ìyá mi ni díìsì ọ̀hún wà, kò sẹ́ni tó bìkítà fún un. Èmi náà ò bìkítà. Ìgbà tí bàbá kú ni gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó wà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àdúrà pé ni ìyá mi pè mí wọ yàrá. Ó ní, "Ohùn bàbá yín ti ń lọ létí mi. Mo máa ń rí ojú wọn, ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ wọn mọ́. Bá mi ṣí nǹkan yẹn, kí n gbọ́ wọn." Ìyá mi kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ṣebí mo ti ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní póòlì, ṣebí èmi ni gbogbo agboolé ń gbé fóònù wá bá. Mo tún lọ ya ẹnu sọ fún àwọn ọmọ-kéwú bàbá pé wọn yóò gbọ́ wáàsí rẹ̀ níbi àdúrà. Ẹnu mi yìí! Mo wá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la títí ó fi ku ọjọ́ kan.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ò tiẹ̀ ní ojú ibi tí wọ́n ń ki díìsì bọ̀. Mo sáré lọ sí òpópónà Táíwò, mo ra dírafù tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ọn. Kò kà á. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo yọ wáyà kúrò níhìn-ín, mo kì í bọ ibòmíràn. Mo gba oríṣi ètò ìwofídíò mẹ́ta sórí rẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì títí dátà mi fi tán. Mo wá fi díìsì mìíràn sí i, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ geere. Á jẹ́ pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń ṣàìsàn. Mo kó gbogbo rẹ̀ padà sí Táíwò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì ń bẹ Ọlọ́run sókè nínú kẹ̀kẹ́ títí awakọ̀ fi ń bojú wẹ̀yìn wò mí.

Ọkùnrin náà ò tan nǹkan kan. Ó yí ẹ̀yìn díìsì sí oòrùn, ó súfèé.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló ha èyí? Kì í ṣe pé ó jábọ́ o. Wọ́n dìídì ha á ni."

Ẹ̀yìn díìsì ti rí bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀. Ó ní kí n fi sílẹ̀, pé òun yóò gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí n má gbọ́kàn lé e. Mo forí lé ilé, mo bi ìyá mi bóyá ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan díìsì náà.

Ìyá mi ò tiẹ̀ fi pamọ́. "Mo fọ̀ ọ́ ni. Ṣé kì í ṣe kéwú wọn ló wà nínú ẹ̀ ni?"

Nílé wa, wọ́n máa ń fi tàdáwà, ìyẹn yíǹkì dúdú, kọ ẹsẹ̀ Kùránì sára pátákó wàláà, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, aláìsàn á sì mu omi náà. Hàntú là ń pè é. Bàbá mi ló máa ń ṣe é fún ìyá mi nígbàkúùgbà tí orúnkún bá ń dùn ún. Nígbà tí bàbá kú, tí orúnkún tún dé, ìyá mi mú díìsì, ó bu omi sí abọ́, ó fọ̀ ọ́. Ó ní omi ò dúdú, ni òun bá fi eérú àti kànìnkànìn kún un, òun fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó sì mu ún.

Orí mi gbóná. Mo pariwo mọ́ ìyá mi: "Ìyá, ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ ti ba ohùn bàbá jẹ́ pátápátá!" Ó jókòó sórí ẹní, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọkùnrin Táíwò fi òwú tó ní péèsìtì ìfọyín nu díìsì náà díẹ̀díẹ̀, láti àárín wá sí etí, títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó rí yọ kò tó ìṣẹ́jú kan rárá. Mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú ìyá mi, mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ní, "Asalaamu aleekun." Ó tán.

Ìyá mi gbórí sókè wìì. "Wa aleekumu salaamu, Áàfáà." Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀, ó tún dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo ń pòṣé, mo ń tẹ bọ́tìnnì kiri kí wáàsí lè tẹ̀ síwájú, nítorí ohun tí mo máa wí fáwọn ọmọ-kéwú lọ́la ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìyá mi náà ti kú, ó di ọdún kẹta báyìí. Fóònù wà lápò mi ní gbogbo ọjọ́ tí mò ń sáré kiri yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn kí n gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. N kò ní in níbì kankan. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣí kọ̀ǹpútà, mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi á kí wa. Mo máa ń dúró díẹ̀, kí n tó dá a lóhùn fúnra mi.