Ohùn Tí Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi Gbọ́ Nínú Fóònù

Ní ìlú Ọ̀rún, níbi tí mò ń gbé, àwọn kan lára àwọn tó ń ra gàrí lọ́wọ́ àǹtí mi rò pé odi ni mí. Bí wọ́n bá kí mi, màá kúnlẹ̀, màá wọn gàrí wọn, màá máa wo ilẹ̀. Kíláàsì kejì ní girama ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò rí ojú mi rí, tí wọ́n gbà pé kò sí ohun tó lè dẹ́rù bà mí. Orí fóònù ni wọ́n wà. Eré ìtàn là ń ṣe níbẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ẹ̀dá kan nínú ìlú tí kò sí níbì kankan láyé, á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá náà, yálà kó kọ ọ́ tàbí kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ tirẹ̀ tán, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ṣe ń lọ. Ọkùnrin kan ní Ìlawẹ̀ ló ń darí wa. Òfin kan ṣoṣo ló fún wa: nínú eré, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ara rẹ̀.

Èmi ni Balógun, obìnrin jagunjagun tí ẹnu rẹ̀ mú ju idà rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn mí, màá wọ inú oko kòkó tó wà lẹ́yìnkùlé wa, màá sì pariwo sínú fóònù. Mo máa ń bú ọba níbẹ̀. Mo máa ń pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin. N kò mọ ibi tí ohùn yẹn ti ń wá.

Ọ̀rẹ́ mi ni Ọmọ Omi, iwin tó ń gbé inú odò. Ọ̀tá ni ìlú wa àti àwọn ará omi nínú ìtàn náà, ó sì yẹ kí n pa á lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé. Mo ti yọ idà. Ló bá ní, "Balógun, ìwọ tí o fẹ́ pa mí yìí, ṣé o ti jẹun?" Ẹ̀rín pa mí láàárín igi kòkó. N kò lè pa á mọ́. Láti ìgbà náà, tí ewu bá ti fẹ́ dé bá a nísàlẹ̀ odò, èmi ni mo máa ń dúró létí omi tí màá máa ké pé, "Ọmọ Omi, jáde wá o! Àwa ẹgbẹ́ rẹ ń dúró dè ọ́. Fi wọ́n sílẹ̀, máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa!"

Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn eré, àwa méjèèjì nìkan. Ìkẹ́rẹ́ ló wà. Ó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Èkó ni àwọn òbí rẹ̀ ti padà wálé, wọ́n sì kọ́ ilé tí wọ́n fi táìsì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Kò bó ẹ̀gẹ́ rí. Ó máa ń bi mí bí a ṣe ń mọ̀ pé gàrí ti yan tó, á sì tẹ́tí sí mi bí ẹni tó jókòó níwájú tíṣà. Bí mo bá sọ èdè Ọ̀rún, á rẹ́rìn-ín. Bí òun náà bá sọ ti Ìkẹ́rẹ́, èmi náà á rẹ́rìn-ín, a ó sì máa bára wa jà pé ta ni ahọ́n rẹ̀ wúwo jù.

Òun ló sọ fún mi pé òun ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó ní, "Eegun mi ló ń bá mi jà. Òtútù sì ni ọ̀tá mi. Tó bá ti mú mi, àfi ọsibítù." Ó ní ẹ̀gbọ́n méjì ló ti kú ṣáájú òun, àwọn méjèèjì ní kékeré, pé láti ìgbà náà ni ìyá òun kì í sùn bí ara òun bá gbóná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a ń yan gàrí lọ́wọ́, fóònù mi dún. Inú eré ni ọ̀rẹ́ mi fi ọ̀rọ̀ náà sí, bóyá nítorí pé ó ń kánjú. Ó kọ ọ́ pé: "Màmá mi ti gbọ́ ohùn rẹ, Balógun. Wọ́n ní ẹgbẹ́ mi láti ọ̀run ló ń pè mí. Wọ́n ń gbé mi lọ sí ilé àdúrà lẹ́yìn àpáta. Eegun ń jẹ mí. Wọ́n fẹ́ gba fóònù."

Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Háà, Ọmọ Omi, o ò ní pa wá!" Òmíràn ní, "Ìyá tó ń gbọ́ ohùn iwin! Ibi tí ìtàn ń lọ yìí dùn o." Mo bá ẹni tó ń darí wa sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ pé òótọ́ ni, pé ọmọ náà ń ṣàìsàn. Ó dáhùn pé, "Arábìnrin, fara balẹ̀. Ó mọ eré ṣe ni. Má bà á jẹ́ fún un."

Mo gbé igbá tí mo fi ń yan gàrí sílẹ̀. Mo sọ fún àǹtí mi pé mò ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́.

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tí o kì í lè sọ fún ọlọ́kadà pé kó dúró?"

"Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kú, mà."

"Ọ̀rẹ́ wo lo ní?"

Mo gun ọ̀kadà dé Ìsẹ̀, mo wọ mọ́tò níbẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, ohun tí mo fẹ́ sọ ni mò ń tún sọ nínú ara mi: orí fóònù ni, eré ni, èmi náà ń jẹun bí ẹ ṣe ń jẹun.

Ilé àdúrà náà kò ṣòro láti rí. Abẹ́ páànù ni, ẹ̀yìn àpáta ńlá ló wà. Ọ̀rẹ́ mi wà lórí ẹní. N kò rí i rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun ni. Ó ká jọ, aṣọ ara rẹ̀ tutù rin, ó ń gbọ̀n. Omi odò ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, kí májẹ̀mú tó bá omi dá lè já. Òtútù yẹn gan-an ló sọ fún mi pé ọ̀tá òun ni. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Obìnrin tó di orí rẹ̀ mú sórí itan ni ìyá rẹ̀.

Ìyá àdúrà bi mí pé, "Ta lò ń wá?"

Gbogbo ohun tí mo ti há sórí pòórá. Mo ṣáà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí."

Ìyá ọ̀rẹ́ mi gbé orí sókè bí ẹni tí nǹkan ta. "Ohùn yẹn! Ẹ gbà mí o, ohùn tí mo gbọ́ nìyẹn! Wọ́n ti wá mú un!"

Àwọn obìnrin yí mi ká. Ẹnì kan ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó kanlẹ̀. Òmíràn wò ó, ó ní, "Ó kanlẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ gan-an ti já."

Ìyá àdúrà ní, "Ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Àwọn mìíràn nínú wọn ń bá wa gbé, wọ́n ń bá wa ná ọjà."

Mo ní eré ni. Mo ní orí fóònù ni a ti pàdé, pé Ọ̀rún ni mò ń gbé, pé gàrí ni mò ń yan.

Ìyá àdúrà ní, "Eré wo ni ọmọ ènìyàn ń bá iwin ṣe?"

Ọ̀rẹ́ mi la ẹnu. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ titun lọ. "Màmá, eré ni lóòótọ́."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. "Ẹ gbọ́ ọ, ó ti ń gbè é lẹ́yìn! Méjì ni mo ti sin. N kò ní sin ìkẹta. Ẹ bu omi náà wá!"

Wọ́n bu omi wá lóòótọ́. Mo rí korobá náà, mo rí ọ̀rẹ́ mi tó di ẹní mú. Mo wá mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́ di alẹ́, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Ohùn oko kòkó bá jáde lẹ́nu mi láìjẹ́ pé mo pè é.

"Ẹ gbé omi yẹn kalẹ̀!"

Wọ́n dúró.

"Èmi ni. Èmi ni mò ń pè é. Mo wá sọ fún yín pé mo ti tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn mi, omi sì ni ilé wọn, omi tí ẹ ń dà sí i lára ni wọ́n ń tọ̀ bọ̀. Ẹ gbẹ ara rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù nísinsìnyí. Òórùn oògùn ibẹ̀ kò jẹ́ kí a lè wọlé."

Ìyá àdúrà fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọ̀rẹ́ mi ti ń nu ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Búra fún mi. Búra pé o kò ní pè é mọ́ láéláé, pé o kò ní wá a wá."

Ọ̀rẹ́ mi ń wò mí. Ó mi orí sí mi pé kí n má ṣe é.

Mo búra.

Wọ́n gbé e sínú mọ́tò, wọ́n kọrí sí ọ̀nà Adó. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Ńṣe ni wọ́n yà fún mi lọ́nà. Ọlọ́kadà tó wà níwájú ibẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń bọ̀ ló ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀, ó sì sá lọ. Mo fi ẹsẹ̀ rìn títí mo fi dé ibi tí wọn kò ti mọ̀ mí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá, ọ̀rọ̀ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ nọ́ńbà tí n kò mọ̀. "Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó ti jókòó, ó ti mu ògì. Ọlọ́run ti já okùn náà. Rántí ìbúra rẹ." Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ni. Mo sunkún níwájú iná, àǹtí mi sì rò pé èéfín ni.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Wọ́n ti yí nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi padà, n kò sì padà sínú eré náà mọ́. Mo mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Ní àárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú, mo máa ń gbé e síwájú, mo fẹ́ béèrè bóyá eegun ṣì ń dùn ún, bóyá ó wọ súwẹ́tà. N kò lè béèrè. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní n kò tíì tú u sílẹ̀, nígbà tí àìsàn náà bá sì tún dé, ẹ̀yìn àpáta yẹn ni wọ́n máa gbé e lọ.