Fáànù Èmi-Náà-Ò-Gbà

Fáànù kan ṣoṣo ló wà nílé wa. Ẹ̀gbọ́n wa gbé e kúrò níwájú àbúrò bàbá wa, tí a ń pè ní Bàbá, tí wọ́n wá kí wa, ó dojú ẹ̀ kọ kọ̀ǹpútà.

"Ṣé kọ̀ǹpútà yẹn ló bí ẹ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Àmọ́ tó bá gbóná jù, ó máa kú. Ẹ̀yin lè jáde síta."

Bàbá gbé àga wọn, wọ́n jáde lóòótọ́.

Kọ̀ǹpútà àlòkù ni. Ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ sọ ọ́ di sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í sùn, tí fóònù lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ nígbàkígbà. Torí Màmá ni. Télọ̀ ni Màmá. Orí ni wọ́n ń kó ìwọ̀n gbogbo oníbàárà sí, orí ọ̀hún sì ti ń jò. Wọ́n fi ìwọ̀n ìyàwó kan rán ṣòkòtò ọkọ ẹ̀. Orúnkún ló há sí. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ẹ̀gbọ́n wa ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ò ní tì lójú òun.

Ó ṣe ìkànnì. Ó ṣe dátábéésì, àká tí ìwọ̀n máa wà nínú ẹ̀. Ó tẹ orúkọ ara ẹ̀ pé kóun wọlé. Ẹ̀rọ ní òun ò gbà.

"Èmi náà ò gbà!"

Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Èmi-Náà-Ò-Gbà lẹ́nu wa. Ó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, ó tún un tò. Kò gbà. Ó tún tú u.

"Wá jẹun ná," Màmá ní.

"Ẹ jẹ́ kó mọ̀ mí ná, Màmá. Fáànù tí mo gbé fún un ló ń fẹ́ ẹ, ó wá ní òun ò mọ̀ mí!"

Nígbà tó rí àṣìṣe ẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti fún Màmá láyè láti wọ àká. Ó ti fún ìkànnì náà láyè. Kò rántí ara ẹ̀.

"Ẹni tó kọ́lé ló sùn síta," Màmá ní.

"Ẹ̀yin ṣáà ti wọlé, Màmá."

Wọ́n wọlé. Wọ́n wo ìwọ̀n ìdí oníbàárà kan nínú fóònù, wọ́n pòṣé. "Irọ́ ni. Ìdí ẹ̀ jù báyìí lọ."

Nígbà tó yá, àìsàn tí kò pẹ́ ló mú ẹ̀gbọ́n wa lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé kún, ooru mú. Ẹnì kan yí fáànù sọ́dọ̀ Bàbá, torí òógùn ti bò wọ́n. Bàbá dìde, wọ́n yí i padà sí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ ẹ. Èmi lè jáde síta."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá gbé àga wọn jáde. Màmá gbé tiwọn tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ṣòkòtò oníbàárà kan ṣì ń dúró dè wọ́n.