Ariwo Ẹ̀rọ Inú Dúrọ́ọ̀mù

Òórùn bẹntiróòlù tí a pò mọ́ ọ́ìlì ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Lẹ́yìn ilé tí a háyà ní Ìsọlọ̀, bàbá mi ti so ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́ ẹnu dúrọ́ọ̀mù, ìdí rẹ̀ rì sínú omi, orí rẹ̀ yọ síta, ó sì ń fa okùn rẹ̀. Ó fà á, ẹ̀rọ kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún fà á. Màmá mi ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ẹ ó rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Owó epo rọ̀bì ti dé, ìjọba ti fi kún owó oṣù, gbogbo èèyàn ń ra tuntun. Akọ̀wé kan nínú ilé wa ra fìríìjì kí ó tó mọ ibi tí yóò gbé e sí. Bàbá mi, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ aṣọ, kò ra tuntun ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ ọkọ̀ tí òyìnbó onígẹdú kan fi sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ní Ìlàjẹ ló gbé wá sí Èkó, ó ní òun yóò jí i dìde. Bí a bá ní kó yára, á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo kórìíra òwe yẹn títí dòní.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Wọ́n ránṣẹ́ láti ilé pé ara ìyá màmá mi ò yá, ó sì ń pe ọmọ rẹ̀. Orí omi ni abúlé wọn wà. Láti Igbókòdá, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, ọkọ̀ èrò sì ń lọ lójoojúmọ́. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá Tóyìn, ẹ jẹ́ kí n wọkọ̀ èrò lọ wo ìyá mi."

Bàbá mi ní, "Mo ti sọ fún àwọn àna mi pé ẹ̀rọ tèmi ni yóò gbé ọmọ wọn wálé. Ìyàwó mi kọ́ ni yóò máa há mọ́ àárín èrò nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ṣe sùúrù."

Sátidé kan ń tẹ̀lé òmíràn, màmá mi ń ṣe sùúrù. Bàbá mi yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀. Ó tú kabúrétọ̀, ó fọ àwọn ihò tínńtín inú rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́yìn tó ti fa okùn títí, ẹ̀rọ ké. Mo pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ irin ìdí ẹ̀rọ, èyí tó ń ti ọkọ̀ síwájú, ń fọ́n omi dúrọ́ọ̀mù káàkiri àgbàlá, omi tí èmi àti màmá mi fi korobá pọn láti òdìkejì títì. "Ẹ̀ ń da omi nù o, Bàbá Tóyìn," ni màmá mi wí. Bàbá mi yọ abẹ̀bẹ̀ náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dúró, ó ń fetí sí ẹ̀rọ tó ń ké láìsí abẹ̀bẹ̀ nídìí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ó ti parí. Kò dán abẹ̀bẹ̀ náà wò mọ́.

Nígbà tí a dé Igbókòdá, ó yá ọkọ̀ ìbátan rẹ̀ kan, ó so ẹ̀rọ mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì dá abẹ̀bẹ̀ padà sáyè rẹ̀. A rìn dáadáa títí a fi ń rí òrùlé abúlé lọ́ọ̀ọ́kán. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ dúró sí. Ẹ̀rọ ń ké, ó ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Rọ́bà tó di abẹ̀bẹ̀ mú láti inú ti gbó. Irin àárín ń yí, abẹ̀bẹ̀ ò bá a yí. Ọkọ̀ èrò kan kọjá, wọ́n ní kí a ju okùn wá kí àwọn fà wá. Bàbá mi juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Òmíràn tún kọjá. Màmá mi kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó kàn ń wo àwọn òrùlé yẹn. Oòrùn ti rọ̀ kí bàbá mi tó gbà kí wọ́n fà wá.

Ìyá àgbà ti kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àbúrò màmá mi sọ pé ìyá àwọn gbọ́ ìró ẹ̀rọ wa lórí omi, ó ní, "Wọ́n ti dé. Ẹ gbé mi jókòó." Wọ́n gbé e jókòó. Orí ìjókòó yẹn ló ti ń retí wa tí ẹ̀mí fi bọ́.

Kí ni bàbá mi sọ? Ó kọjú sí màmá mi níwájú ẹbí rẹ̀, ó ní, "Bí kì í bá ṣe omi tí o ń ṣahun rẹ̀, ǹ bá ti rí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí nílé." Nígbà tí a padà sí Ìsọlọ̀, màmá mi gbé korobá, ó pọnmi títí dúrọ́ọ̀mù fi kún dẹ́nu, ó ní, "Ẹ máa dà á nù bó ṣe wù yín." Kò bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́ láéláé.

Bàbá mi wá rọ́bà tuntun, ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn èèyàn ń yìn ín pé ó mọ iṣẹ́ dunjú, wọn ò purọ́. Èmi náà ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe wà nígbà yẹn lọ. Àjàó Estate ni mo ń gbé, omi ń ṣàn nínú ilé mi, bí wọ́n bá sì ní ara ẹnìkan mi ò yá, ọkọ̀ tí mo bá kọ́kọ́ rí ni mo ń wọ̀. Ọmọ tó pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá dúrọ́ọ̀mù gbà pé kò sí ohun tí bàbá òun ò lè tún ṣe. Nígbà tí bàbá náà wà lórí àìsàn ikú, mo jókòó tì í, mo ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé kó ní, "Ìyá Tóyìn, má bínú." Màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá mi lajú, ó wò wá, ó béèrè bóyá a ti ta ẹ̀rọ òun.