Ohun Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sọ fún Oníbúrẹ́dì

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, tọmọdé tàgbà, bẹ́ẹ̀ kò bímọ rí. Obìnrin gíga ni. Ìyẹ̀fun tó ti ń pò láti ìgbà ọ̀dọ́ ti mú kí apá rẹ̀ le bí igi, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé búrẹ́dì lọ. Bí oníbàárà bá ní búrẹ́dì ti kéré jù, á ní, "Ìwọ náà kéré nígbà tí wọ́n bí ọ, wọn ò sì dá ọ padà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà á.

Wọn ò mọ̀ pé láràárọ̀, kó tó dáná sí ààrò, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á fi abẹ fá irùngbọ̀n. Ó ti ń fá a láti ilé ọkọ. Nígbà náà, nǹkan oṣù rẹ̀ a máa wá bí àlejò tí kò ní ẹ̀kọ́: á pa oṣù púpọ̀ jẹ, á yọ lójijì, á sì kọ̀ kò ní lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé ìyàwó la gbé wálé ni, àbí ọkùnrin?" Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ọkọ náà ní kó kó ẹrù rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá òun nìyẹn. Ó gba yàrá kan, ó mọ ààrò sẹ́yìnkùlé, ó sì mú àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ìyá wọn kú fi sílẹ̀, sọ́dọ̀. Búrẹ́dì ló fi rán an níléèwé títí ó fi di tíṣà, tó sì lọ sílé ọkọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò rẹ̀ tíṣà wá jókòó sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. Irorẹ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, irun dúdú sì ń hù lágbọ̀n rẹ̀.

"Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́?"

Tíṣà wolẹ̀. "Kò wá mọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Oyún kọ́, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ mi nílé ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí lọ gbọ́ èsì."

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó dá wọn lóhùn kéré lọ́jọ́ orí, ara rẹ̀ sì yá mọ́ọ̀yàn. "Họ́mónù ni," ó ní. "Ìránṣẹ́ ni wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ìránṣẹ́ bá ń jíṣẹ́ òdì, gbogbo ilé á dà rú. Nǹkan oṣù á máa ṣe ségesège, irun á hù lágbọ̀n, ọ̀rùn á ṣú dúdú."

Oníbúrẹ́dì rọra fa gèlè rẹ̀ bo ọ̀rùn.

"Ẹ dín ṣúgà kù, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àti búrẹ́dì funfun. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹyin pọ̀ nínú àwo yín. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn, ẹ máa sùn dáadáa. Oúnjẹ nìkan kọ́ o. Dókítà máa kọ oògùn fún yín. Àmọ́ oúnjẹ ń ràn án lọ́wọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ṣe, kì í ṣe èèmọ̀."

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ nípa ẹ̀?" Oníbúrẹ́dì ló béèrè.

"Ó ti pẹ́, Màámi. Àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí mi."

"Ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró pátápátá ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Màámi! Ṣé ẹ ṣì fẹ́ gbọ́mọ pọ̀n ni?" Oníbúrẹ́dì bá a rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín.

Lójú ọ̀nà ilé, tíṣà yíjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà..."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n," ni ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Mo ṣì wà nílé ọkọ nígbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ béèrè. Wọ́n ní kí n gbàdúrà, kí n sì pa ẹnu mọ́. Mo sì pa á mọ́."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ sílé àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú ẹja. Ọkọ tíṣà kùn. "Ẹ̀wà náà tún ni? Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni wá?"

"Ẹlẹ́wọ̀n kì í rí ẹja jẹ," ni Oníbúrẹ́dì dá a lóhùn. "Tó bá jẹ́ búrẹ́dì lo fẹ́, mo ní in. Wá rà á." Ọkọ jẹ ẹ̀wà.

Oṣù ń gorí oṣù. Ojú tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í dán, nǹkan oṣù rẹ̀ sì padà, ó ń wá déédéé. Ó sáré wá sílé búrẹ́dì wá sọ ọ́, ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n sọ. "Gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ rẹ."

Nígbà tí tíṣà lọ tán, Oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó sunkún. Inú rẹ̀ dùn sí àbúrò rẹ̀, ó sì tún jowú rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó sunkún ọmọbìnrin tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nígbà kan, tó gbẹ́rù jáde nílé ọkọ, tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó lé e.

Tíṣà kò fi í sílẹ̀. Ó fà á lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ ti wọlé sí i lára; àìsàn yẹn a máa tẹ̀lé ti họ́mónù bí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́jú rẹ̀. Oníbúrẹ́dì kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì tó ń pò mọ́.

"Ta ni mo fẹ́ tọ́jú ara fún?" ó bi í. "Mi ò lọ́kọ, mi ò lọ́mọ."

Tíṣà kúnlẹ̀ sáàárín ìyẹ̀fun. "Ẹ tọ́jú ẹ̀ fún mi. Ta ló tún kù fún mi?" Ó gbé àwo ẹ̀fọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè síwájú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wo àwo náà títí. Ó bù ú, ó fi sẹ́nu.

"Kò níyọ̀," ó ní. Ó jẹ ẹ́ tán. Kò dúpẹ́.