Ọ̀wẹ̀ Ìyá Àgbà Nínú Igbó Ìjọba

Mo rántí òórùn ewé kan tí ó máa ń wà lọ́wọ́ mi títí di alẹ́, bí mo tilẹ̀ fi ọṣẹ dúdú fọ ọ́. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, ó sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò tí ì fọwọ́ kàn án kò ní gbà pé ẹ̀gún wà lára rẹ̀. Ẹ̀gún òyìnbó ni a ń pè é lábúlé wa. Wọ́n ní ọgbà àwọn aláṣẹ ní Kábbà ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín sí, kí ẹyẹ tó jẹ èso rẹ̀ kiri. N kò rí ẹni tí ó rí ẹyẹ náà, nítorí náà n kò ní búra sí i. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni pé nígbà tí mo wá sílé fún ìsinmi, kí n tó wọ yunifásítì, ẹ̀gún náà ti bo apá kan igbó ìjọba tó wà lẹ́yìn abúlé wa.

Apá ibẹ̀ ni igi ẹmì pọ̀ sí jù. Nígbà tí ìjọba pààlà igbó náà, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ dáko tàbí ṣọdẹ níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí àwọn obìnrin máa ṣa èso ẹmì tó bá já bọ́. Èso yìí ni ìyá ìyá mi fi ń ṣe òrí tí ó ń tà lọ́jà Odò-Ẹrẹ̀. Òun ló fi tọ́ ìyá mi, òun náà ló sì fi ń ràn mí lọ́wọ́ nílé ìwé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí lọ, ẹ̀ṣọ́ igbó wá kéde pé bí ẹ̀gún náà bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, ọ̀gá òun yóò gé gbogbo ibẹ̀ lulẹ̀, títí kan igi ẹmì, kí wọ́n lè gbin igi tíìkì. Kò sí owó lébìrà. Ẹni tó bá fẹ́ lè wá tu ẹ̀gún náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀rín ni àwọn ọkùnrin fi dá a lóhùn. Ọdẹ kan, tí wọ́n ti gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ rí nínú igbó náà, ní, “Ẹni tó gba ìyàwó ẹni, ṣé a tún máa ń bá a gbé ẹrù ìyàwó ni?”

Mo rò pé ó jàre. Mo jókòó ti ìyá àgbà níbi tó ti ń fọ́ ẹmì, mo sì ṣàlàyé fún un létòlétò, bí ẹni pé adájọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ àáró ni, ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ lónìí yóò bá wa ṣe tiwa lọ́la. Bí ó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀ ni, ọlọ́wẹ̀ yóò fún wa lóúnjẹ. Ìjọba kò ní bá wa kọ ebè, kò sì ní gúnyán fún wa.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Bí kò bá sí ọlọ́wẹ̀, èmi ni ọlọ́wẹ̀.”

“Ìyá, igbó ìjọba ni.”

“Ṣé mo ní igbó ni tèmi? Ọ̀wẹ̀ ni mo ní ó jẹ́ tèmi.”

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ lọ sí agboolé baálé, níbi tí àwọn ọkùnrin máa ń jókòó sí. Ó kí wọn bí a ti ń kíni nílẹ̀ wa, “Okun o, ẹ̀yin ọkọ mi. Mo wá bẹ̀ yín lọ́wẹ̀.”

Wọ́n bi í pé oko wo ló dá. Ó ní igbó ẹmì ni. Ọdẹ náà ní, “Ìyá, ìjọba ló rán yín?”

“Ìjọba ò mọ̀ mí. Ìwọ, nígbà tí ìdodo rẹ kọ̀ tí kò jiná, tí ìyá rẹ ń sunkún kiri, ṣé òrí ìjọba ni mo fi pa á?”

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Nígbà tí ó rọlẹ̀, baálé ní, “Ẹni tí òrí rẹ̀ kò bá kàn lára rí, kó jókòó sílé.” Kò sí ẹni tó lè ní kò kan òun.

Síbẹ̀ mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rín kì í ṣe ìlérí. Ọjọ́ kejì òjò àkọ́rọ̀, tí ilẹ̀ ti rọ̀, ni mo rí i pé n kò mọ àwọn ará ilé mi tó bí mo ti rò. Wọ́n wá tọkùnrin tobìnrin. Àwọn ọkùnrin ń hú gbòǹgbò, àwọn obìnrin ń fi igi tó ní ìkọ́ lẹ́nu wọ́ ẹ̀gún jáde. Ẹ̀ṣọ́ igbó bọ́ ẹ̀wù kákí rẹ̀, ó sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọdẹ náà ní, “Dógárì igbó, rọra o, kí o má baà mú ara rẹ!” Èmi ṣì dúró, mo ń ronú ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, títí obìnrin kan fi kọjá lára mi. “Ọmọ ìwé, ẹ̀gún kì í kàwé o. Bẹ̀rẹ̀!”

Ìyá àgbà kò lè húlẹ̀ mọ́. Ìdí igi ẹmì kan ló jókòó sí, tí ó ń fi òrí pa ọwọ́ ẹni tí ẹ̀gún bá ya. Iṣu rẹ̀ ni wọ́n fi ń gún iyán fún wa títí ó fi tán. Nígbà tó tán, àwọn obìnrin mìíràn gbé tiwọn wá, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ló rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé òpin iṣẹ́ náà, ó lọ láti ilé dé ilé, ó ń kí wọn kú iṣẹ́ àná. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ igbó. Nígbà tó padà, ó dúró nídìí ẹní mi. “Okun o, ọmọ mi. O ṣé àná.” Ojú tì mí, mo ní kò tọ́pẹ́.

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ igbó wá, ó wo ibẹ̀ yíká, kò gé igi kankan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. N kò lè sọ pé ọ̀wẹ̀ yẹn nìkan ló gbé mi dé yunifásítì, ṣùgbọ́n owó òrí ọdún náà wà nínú aṣọ tí mo wọ̀ lọ.

Ìyá àgbà ti kú kí n tó gboyè. Nígbà tí mo délé láìpẹ́ yìí, mo wọ inú igbó náà. N kò ní sọ pé a ṣẹ́gun ẹ̀gún òyìnbó. Ó ti tún yọ létí odò. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹmì máa ń hú u bí wọ́n ti ń kọjá, wọn kò tilẹ̀ kà á sí iṣẹ́ mọ́. Àwọn igi náà ṣì dúró.

Nínú àṣà wa, ọlọ́wẹ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Mo ti rò ó títí, n kò rántí pé ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́wẹ̀ tiwa. Mo lọ sídìí igi tó jókòó sí nígbà náà. Ẹ̀gún kékeré kan ti yọ níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò, òórùn ewé náà sì gba ọwọ́ mi kan.

Mo ní, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ àná. Ẹ ṣé o.”