Kálímà Bàbá Mi àti Ẹ̀rọ Èémí

Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń hanrun nínú ilé wa ní Attécoubé, inú wa sì máa ń dùn sí i. Tí a bá ti ń gbọ́ ọ, a mọ̀ pé olórí ilé wà nílé, ó yó, ara rẹ̀ le. Bí ó bá wá dákẹ́ lójijì, ìyá mi á fi ẹsẹ̀ tì í, á ní, "Alájì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn." Bàbá á mí kanlẹ̀, á yí padà. A máa ń fi ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sùn. A ò mọ̀ pé òun ló ń bá a wá èémí rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nídìí ọjà. Àwa méjèèjì la jọ ń ta aṣọ ní Adjamé. Á máa wọn aṣọ fún oníbàárà, kó tó wọn mítà kẹta, orí ti tẹ̀. "Le vieux est fatigué," ni àwọn oníbàárà máa ń wí lédè Faransé, pé ó ti rẹ bàbá, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àfi ọjọ́ tí wọ́n kírun ọ̀sán tán tí Bàbá ṣì wà ní ìforíkanlẹ̀. Gbogbo èèyàn ti dìde. Mo sáré dé ibẹ̀, mo mì í, mo rò pé ó ti lọ. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Ṣé mo pẹ́ ni?"

Mo mú un lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní kí wọ́n de wáyà mọ́ ọn lára kó fi sùn mọ́jú, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń mí. Nígbà tí èsì dé, ó ní, "C'est une apnée sévère." Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀fun rẹ̀ máa ń pa dé lójú oorun, èémí á dá dúró, ara á ta jí kó lè mí, bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ kan, kò ní jí mọ́. Mo béèrè iṣẹ́ abẹ. Ó ní kò dáa fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́nu láti fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n eyín ni wọ́n ń so ó mọ́, èyí tó kù lẹ́nu Bàbá kò ju ohun tó lè jẹ mọ́ínmọ́ín lọ. Kó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kó sì dín sísanra kù: ó dáa, àmọ́ kò tó. Ẹ̀rọ ló kù, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀fun kó má baà pa dé, pẹ̀lú ìbòmú tó bo imú àti ẹnu.

Bàbá ní òun ò fẹ́. Mo rò pé ìbòmú náà ló fún mọ́ ọn lójú. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó tóbi, mo tún pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé báàgì ẹ̀rọ yẹn wọ ọkọ̀ èrò gbaka, mo gbé e lé itan bí ọmọ tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Bàbá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà ò ní sùúrù, mo pariwo mọ́ ọn: "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Kò bínú. Ó ní kí n jókòó.

"Nígbà tí ìyá rẹ ń lọ, èmi ni mo ka kálímà sí i létí. Ó kà á tẹ̀ lé mi, mo gbọ́ ọ, ọkàn mi balẹ̀ nípa rẹ̀ títí dòní. Bí temi bá dé, tí ẹ ti fi rọ́bà dí mi lẹ́nu, báwo ni màá ṣe kà á? Ta ló máa gbọ́ ọ?"

Ojú tì mí. Kálímà ni ẹ̀rí ìgbàgbọ́ tí gbogbo Mùsùlùmí ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu òun. Mo ti wọn ojú Bàbá lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ń bà á lẹ́rù.

Mo padà sílé ìwòsàn, sọ́dọ̀ obìnrin tó ń fún àwọn aláìsàn ní ẹ̀rọ, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe jẹ́. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìbòmú mìíràn jáde, imú nìkan ló ń bò. "Avec ça, le vieux peut parler," ló wí, pé bàbá á lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú èyí.

Ọ̀sán Sunday ni a dán an wò. Mo dè é mọ́ ọn nímú, mi ò tíì tan ẹ̀rọ. Bàbá ka kálímà látòkèdélẹ̀. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá. Ó dún ketekete. Màá kó kúrò nílé mi ní Gonzagueville, màá padà wá sílé yìí. Lójoojúmọ́ ni màá máa gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sùn."

Ó mi orí. Mo tan ẹ̀rọ. Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo na ẹsẹ̀ mi lé e. Kò pẹ́ tó fi sùn. Kò hanrun rárá. Ilé dákẹ́ débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti tì í.

Bàbá la ojú kan.

"Mò ń mí," ló wí. "Ìyá rẹ ò jẹ́ kí n sùn, ìwọ náà ò jẹ́ kí n sùn."